Kí Wọ́n Tó Wẹ Màámi

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ni pé kí n wò ó bóyá a ṣì wà níbi tá a wà lánàá.

Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ ò lè mọ irú ẹ̀rù yìí. Ní yàrá mi ní Òkè-Afá, tí mo bá jí, ògiri á wà níbi tó wà kí n tó sùn. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ìgbòkun ni mo ti ń dáná fún Ọ̀gá Albert. Ojú ọ̀sà ni ọkọ̀ náà dúró sí, ó jìnnà sílẹ̀, ìdákọ̀ró kan ṣoṣo ló sì dì í mú, irin kan báyìí tó rí bí ìkọ́, tó wà nísàlẹ̀ omi níbi tí ojú mi ò dé. Ọ̀gá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Ó ní kí n wá ohun méjì lórí ilẹ̀ lọ́hùn-ún, kí n tò wọ́n tẹ̀ léra. Mo mú táńkì omi pupa kan tó wà lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo mú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí táńkì bá bo òpó, a wà níbi tá a wà. Tí òpó bá yọ jáde, tó ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ìdákọ̀ró ti ń wọ́ lọ nìyẹn, kí n pariwo.

Mi ò tíì pariwo rí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, bí ìgbà mẹ́wàá, bí ìgbà ogún. Tí mo bá ń bẹ iṣu, ojú mi á wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ ti gé mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀.

Tí mo bá ti wò ó tán, màá fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọ̀sà fọ orí ọkọ̀ kí oòrùn tó mú, torí ìgbẹ́ ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ omi máa ń bà sórí òpó ìgbòkun lóru, wọ́n á yàgbẹ́ sórí pákó. Tí Ọ̀gá bá rí èyí tí mo fò, á fi ìka rẹ̀ kàn án, á wá fi ìka náà pa mí létè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa àtíkè fún ọmọ. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà màá sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ lọ gbé omi tíì kaná. Sítóòfù ibẹ̀ so mọ́ irin méjì, ó ń fì síwá sẹ́yìn bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà, kí omi má baà dànù tí ọkọ̀ bá mì. Omi kì í dànù. Èmi ni mo máa ń dànù. Màá gbá orí mọ́ àjà, màá gbá ìbàdí mọ́ tábìlì. Omi mímu wà nínú kẹ́ẹ̀gì, a ò gbọ́dọ̀ fi ṣòfò. Ife mẹ́ta ni tèmi lójúmọ́ láti fi wẹ̀. Ife mẹ́ta, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi tó bá kù nínú ìwẹ̀ fọ aṣọ ìnuwọ́. Ní ọ̀sán, tí oòrùn bá ń jó orí ọkọ̀, inú ibẹ̀ á gbóná bí inú ààrò, òórùn gáàsì, òórùn ẹja, òórùn omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn wá láti ìlú. Àwọn ike àti ewé tó ń léfòó á wá kó jọ sídìí ṣéènì, Mísbáù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi ọ̀pá tì wọ́n lọ. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á ti padà.

Ọ̀gá Albert kì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, kẹ́ ẹ má baà rò pé ọkùnrin oníjàgídíjàgan ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ti fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ wà ní Àjàó Estate, ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá àwọn ọmọ lókè òkun, ó sì ra ọkọ̀ ìgbòkun náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó fẹ́ máa lọ sílé. Ó ní òun máa fi lọ sí Kútọnu, òun máa fi lọ sí Dàkáà. Ọdún kejì rèé, ìdákọ̀ró ò tíì kúrò nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ló bá ọmọ mi Alameen wáṣẹ́ sí pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ó sì máa ń rán mi létí.

"Ìyá Alameen, ìpè kan ni mo fi mú un wọlé. Ìpè kan náà ló máa mú un jáde."

Nítorí náà mo dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ó ní ẹni tó bá máa gbé lórí omi gbọ́dọ̀ mọ omi. Ó so okùn mọ́ mi níbàdí, ó ní kí Mísbáù tì mí. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Ogún ni Ọ̀gá máa kà kó tó ní kí wọ́n fà mí jáde. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé méjìdínlógún, á dúró, á mu tíì, á tó wá ka mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún sún mọ́ etí ọkọ̀ mọ́ àfi tí mo bá di nǹkan mú.

Ọkọ̀ rọ́bà kékeré kan wà tá a fi ń dé èbúté. Kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lọ́rùn Ọ̀gá lórí okùn pupa. Fóònù wa, tèmi àti ti Mísbáù, inú ike kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà. Ó ní kó má baà já sómi. Tí ẹnì kan bá pè wá, òun ló máa gbé e, á fi í sí spíkà, á dì í mú síwájú ẹnu wa, àwa á sì sọ̀rọ̀.

Mísbáù ló ń wa ọkọ̀ rọ́bà. Ará Òkè-Afá lòun náà, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, òun ló mú mi wá síbi iṣẹ́ yìí, Ọlọ́run á bi í. Ìgbà kan wà tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó, Ọ̀gá ò yọ̀ǹda rẹ̀, ló bá ní bàbá òun kú. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe é. Ta ni ò tíì pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nítorí ìsinmi ọjọ́ méjì? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá là ń pa, èyí tó ti kú tẹ́lẹ̀ la sì ń tún pa. Mísbáù pa bàbá tó bí i lọ́mọ, tó wà láàyè. Ọ̀gá ra àpò ìrẹsì, ó wa mọ́tò láti Àjàó lọ kí wọn. Òkú ló ṣílẹ̀kùn fún un, tòun ti bíléèdì tó fi ń gé èékánná ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá mọ́, Mísbáù gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀gá kó sọ pé, "Bàbá mi ò kú."

Ọ̀gá á ní, "A dúpẹ́. Ta ló wá kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

Oṣù mẹ́sàn-án ló ti ń sọ ọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń sọ yìí. Màá wà nísàlẹ̀ nídìí sítóòfù, màá fi ìborùn dí ẹnu, màá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, Mísbáù ò tíì dìde nílẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá gbé e jáde, ó wo ojú rẹ̀. "Salimat," ló wí, bí ẹni ń pe orúkọ nílé ìwé. Àbúrò mi ni Salimat. Òun àti Màámi ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ọ̀gá fi í sí spíkà, ó nà án sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi, Màámi ò jí o."

"Kí lo wí?"

"Mo lọ pè wọ́n fún Àsùbáà, wọn ò jí. A ti pe Alfa. Wọ́n ní lẹ́yìn Àlàásárì la máa sin wọ́n. Àwọn awẹ̀kú ń bọ̀ lẹ́yìn Àìlà. Ẹ máa bọ̀ wéré."

Mo fẹ́ di nǹkan mú. Okùn kan ni ọwọ́ mi bà.

"Ta ni awẹ̀kú?" Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Mi ò sunkún, mi ò bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. "Salimat, ta ló máa wẹ̀ wọ́n?"

"Ta ló tún kù? Ìyá Zakariyah àtàwọn èèyàn rẹ̀ ni."

Ọ̀gá pa fóònù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹni tí ò bá mọ ọjà Bọ́ládé nígbà náà ò ní mọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Màámi fi ta kọ́mú ní Bọ́ládé. Ìyá Oníkọ́mú ni wọ́n ń pè é. Á fi igi na kọ́mú sókè, á máa polówó: "Èyí tó ti dojú bolẹ̀, á gbójú sókè!" Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá á rẹ́rìn-ín. Ìyá Zakariyah ń ta ìborùn nítòsí rẹ̀. Àìsàn mú ọ̀kan nínú ọyàn Ìyá Zakariyah, wọ́n gé e ní ọsibítù. Nígbà tó padà dé ọjà, Màámi mú kọ́mú kan, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì, ó fi ìdajì rán mi sí i. "Lọ gbé e fún Olóyàn-kan. Ìdajì owó ni kó san." Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Olóyàn-kan. Kódà àwọn agbèrò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbé ìdajì kọ́mú náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbà á, ó ká a, ó fi í sábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Màámi rí kókó nínú tirẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó sọ fún gbogbo ayé pé òun ń lọ kí ẹbí ní Ìsẹ́yìn, àwa méjèèjì sì lọ sí ọsibítù kan lọ́nà jíjìn. Wọ́n gé e, ọyàn òsì. Nígbà tá a padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó di àkísà sójú kọ́mú, ó rán an pa, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ní Bọ́ládé lọ́jọ́ náà ni, "Olóyàn-kan dà?" Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ ò fi jẹ́ kó lè lọ sọ́jà mọ́. Ó ní tóun bá dákẹ́, wọ́n á fura.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Salimat tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ò mọ̀. Màámi kì í wẹ̀ láìti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ìyá Zakariyah wá di olórí àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa, Màámi ò sùn lọ́jọ́ náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi búra. "Àjíbíkẹ́, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Ẹni tó bá máa bá ọ bu omi, kó kọ ẹ̀yìn. Má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin yẹn rí mi. Mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó rí mi."

Aago mẹ́jọ ò tíì lù nígbà tí Ọ̀gá pa fóònù yẹn. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi kú."

Ó wo Mísbáù, ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, sà."

"Mo gbọ́ ti bàbá Mísbáù náà. Odidi àpò ìrẹsì ni mo gbé lọ." Ó gbé ife tíì rẹ̀ ka orí ẹsẹ̀. "Pè é padà. Fídíò ni kó o pè. Jẹ́ kí n rí i."

"Ọ̀gá, a kì í ya òkú ní…"

"Ta ló ní kó o yà á? Mo ní kí n rí i."

Salimat gbé e. Ojú rẹ̀ wú. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ta ló fẹ́ rí Màámi?" Mo ní ọ̀gá mi ni, kí wọ́n lè jẹ́ kí n wá. Àwòrán náà ń gbọ̀n. A rí fèrèsé, a rí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin, a wá rí Màámi. Wọ́n ti fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀gá fi ojú sún mọ́ ọn. "Èèyàn lè sùn báyìí," ó wí. "Sọ fún un kó fún imú rẹ̀ pọ̀, kó má lè mí."

"Sà?"

"Kó fún un nímú, kó ka ọgọ́ta. Ẹni tó bá wà láàyè á jà."

Mo wo Mísbáù. Omi ló ń wò.

Èmi ni mo sọ ọ́, ẹnu mi yìí ni. "Salimat, fún wọn nímú." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí yín pé?" Mo ní kó ṣáà fún wọn nímú. Ó fún un. Ó ń sunkún, ó ń kà, Ọ̀gá náà ń bá a kà pẹ̀lú ohùn tútù yẹn, ó ń fi ṣíbí lu etí ife. Nígbà tí wọ́n dé ọgọ́ta, Màámi ò jà.

"Ó kú lóòótọ́," ni Ọ̀gá wí. "Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ó dá fóònù padà sínú ike. "Ọ̀rẹ́ mi Ọládòṣù àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láago kan. Ṣe ẹja yẹn bó o ṣe ṣe é lọ́jọ́sí. Tí wọ́n bá jẹun tán, Mísbáù á gbé ọ lọ."

"Ọ̀gá, láago méjì ni wọ́n máa wẹ̀ wọ́n."

"Òkú ò kánjú, Ìyá Alameen. Àwọn tó wà láàyè lebi ń pa."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mò ń ha ìpẹ́ ẹja, ìpẹ́ ń fò sí mi lójú. Mísbáù wá bu omi mu.

"Mísbáù," mo pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tó o bá ń lọ gbé àwọn àlejò, jẹ́ kí n bá ọ lọ. Ọkọ̀ á ṣáà ṣófo ní àlọ. Jọ̀ọ́, ọmọ ìyá mi."

"Èmi? Ọmọ ìyá yín?" Ó nu ẹnu. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ ńbí? Ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni? Màá dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, etí mi á wà lórí pákó, ẹ̀yin á máa ṣe kí-kí-kí lábẹ́ mi. Oṣù mẹ́sàn-án, Ìyá Alameen!"

"Ẹ̀rín ẹ̀rù ni, Mísbáù."

"Ẹ̀rín ẹ̀rù. Ó dáa. Èmi náà á gòkè lọ rín tèmi."

Ó lọ. Mo gbọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún, mo gbọ́ tó ń jìnnà. Mo jáde sórí ọkọ̀ bí ẹni fẹ́ da omi ẹja nù. Ọ̀gá ń ka ìwé lábẹ́ agbòòrùn. Mo wo táńkì pupa yẹn. Ó bo òpó dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí òpó yọ. Mo fẹ́ kí ìdákọ̀ró wọ́, kó wọ́ wa lọ títí a ó fi kọ lu ilẹ̀ níbi kan. Mo rìn lọ síwájú ọkọ̀ níbi tí ṣéènì ti wọ omi. Irin kan ló há a mọ́bẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí bí Mísbáù ṣe ń yọ ọ́ tó bá fẹ́ tú ṣéènì sí i. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná fún oòrùn.

"Ìyá Alameen," Ọ̀gá wí. Kò gbójú sókè nínú ìwé. "Ẹja ń jóná."

Ẹja ò tíì wà lórí iná. Ṣùgbọ́n mo sáré padà.

Àwọn àlejò ò dé láago kan. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí ọkọ̀ má mì. Ìyàwó rẹ̀ wọ gíláàsì dúdú, ó jókòó jẹ́jẹ́. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé ẹja fún wọn, mo gbé ọ̀dùnkún, mo dúró. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Kútọnu. Aago méjì lù, ó kọjá. Fóònù mi dún.

Ọ̀gá gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn àwo, ó tẹ spíkà. "Ìyá rẹ̀ ló kú láàárọ̀ yìí," ó sọ fún wọn.

"Ẹ̀hẹ́n? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù wí, ó sì bu orí ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé?" Salimat ni. "Wọ́n ti gbẹ́ ihò tí omi ìwẹ̀ máa ṣàn sí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ti gbé wọn sórí pákó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ nìkan ni kó o wẹ̀ wọ́n, Salimat. Lé àwọn yòókù síta."

"Èmi nìkan? Mi ò wẹ òkú rí!"

"Lé wọn síta."

"Nítorí kí ni?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń pàṣẹ fún mi. Ẹ ní kí n fún wọn nímú, mo fún wọn nímú. Ẹ ò wá. Ẹ tún ní kí n lé ẹni tó wá ṣe wá lóore. Ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi, àbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Mo wo àwọn mẹ́ta tó jókòó yẹn. Mo rò ó. Bí mo ṣe ń bẹ̀rù tó yẹn, mo rò ó. Mo ní, wọn ò mọ Màámi. Wọn ò mọ Bọ́ládé. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sílé, wọ́n á gbàgbé. Ó sàn kí àjèjì mẹ́ta gbọ́ ju kí ẹnì kan yẹn rí i.

Mo tẹ̀ síwájú, mo fi ẹnu sún mọ́ fóònù.

"Ọyàn òsì wọn ò sí. Wọ́n ti gé e láti ọdún mọ́kànlá. Àkísà ló wà nínú kọ́mú yẹn. Màámi ò fẹ́ kí Ìyá Zakariyah rí i. Má jẹ̀ẹ́ kó rí i, Salimat."

Mo gbọ́ omi nínú fóònù, omi tó ń kán. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀. Ohùn kan wá jáde látinú fóònù, kì í ṣe ti Salimat. Ohùn àgbàlagbà ni.

"Mo ti gbọ́," ó wí.

Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin mìíràn ní ọ̀ọ́kán ní, "Kí ló wí? Ti ta ni wọ́n gé?"

Ọwọ́ Salimat wà nínú omi. Òun náà ti fi tirẹ̀ sí spíkà, ó gbé e sórí fèrèsé. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù etí tó wà níwájú mi ni mo ti gbàgbé pé etí wà lọ́hùn-ún.

Ìyàwó Ọládòṣù ti àwo rẹ̀ síwájú. "Albert, mi ò lè jẹ eléyìí mọ́. Ọyàn, òkú, nídìí oúnjẹ. Jọ̀ọ́, ní kí wọ́n gbé màmá yìí lọ."

Ọ̀gá yọ okùn pupa lọ́rùn, ó jù ú sí Mísbáù. "O gbọ́ nǹkan tí wọ́n wí." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ palẹ̀ àwo mọ́."

Mo palẹ̀ àwo mọ́. Mo fọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ nù ún, mo tò ó sínú àpótí rẹ̀ kó má baà fọ́ tí ọkọ̀ bá mì.

Nígbà tí mo fi dé Ìsọlọ̀, wọ́n ti kírun Àlàásárì tán, wọ́n ti gbé Màámi lọ, wọ́n ti ń dé láti ibi sàréè. Àwọn obìnrin Bọ́ládé tó wá kí wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Wọ́n fi ìgúnpá gún ara wọn nígbà tí wọ́n rí mi. Ìyá Zakariyah jókòó lọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi búùtà da omi sẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àjíbíkẹ́, o ti dé."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo wẹ̀ ẹ́," ó wí. "Mo wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo da omi sí i, mo fi kánfọ̀ sí ti ìkẹyìn. Mo fi ọwọ́ mi kan ojú àpá yẹn, mo sì fi aṣọ bò ó kí àbúrò rẹ tó wò ó."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san, mà."

"Dúró, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Ó gbé búùtà kalẹ̀. "Òkú tí mo ti wẹ̀ lé ní igba. Mo ti rí oyún lára ọmọge. Mo ti rí ibi tí ọkọ ti fi irin gbígbóná jó ìyàwó. Ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí? Ohun tí awẹ̀kú bá rí, ilẹ̀ ló ni ín. A búra. Ká ní o dákẹ́ ni, màá rí i, màá bò ó, yóò sì bá èmi náà wọ sàréè." Ó fi ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, ọ̀kan, ọ̀kan. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kan òkú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ. Mi ò búra fún etí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú…"

"Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí ìyá rẹ ti sọ mí lórúkọ yẹn. Tí mo bá dé Bọ́ládé lọ́la, màá dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kò sáré.

Salimat jáde sí mi. Ó mú ọkọ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ó fi ọkọ́ náà sáàárín wa.

"Yàrá kan la jọ ń gbé, èmi àti Màámi," ó wí. "Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń dáná fún mọ̀ kí n tó mọ̀." Ó na ọkọ́ sí mi. "Ihò omi yẹn ò tíì dí. Ẹ lọ dí i. Ibi tẹ́ ẹ bá a dé nìyẹn."

Mo lọ sẹ́yìnkùlé. Ihò náà ò jìn. Omi rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀, ó ku ìfófòó ọṣẹ, ó ń rùn kánfọ̀. Kọ́mú Màámi wà lórí ògiri. Ẹnì kan ti já òwú rẹ̀, ó ti fa àkísà inú rẹ̀ jáde láti wò ó. Mo kó o, kọ́mú àti àkísà, mo kó o sínú ihò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Ẹnì kan sọ nǹkan níwájú ilé, kẹ́lẹ́. Ẹlòmíì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó dákẹ́. Ó tún rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in.

Mò ń gbọ́ wọn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, mo tún bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́.